Ọjọ́ Kẹrìnlélógún

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń kì wá.
Bàbá mi dá ọkùnrin mẹ́fà nílẹ̀ lọ́dún tí wọ́n bí mi.
Èmi ò mọ bí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ kọ́ni. Ọ̀dà ni mò ń tà,
èyí tó ń dán, èyí tí kì í dán,
nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè.

Káṣìmáwò ọmọṣẹ́ mi ló gba ìwé náà lọ́jọ́bọ̀:
ẹ pẹ́ kí ẹ tó san owó orí ọjà.
Ìtanràn, ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà. Èlé ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mo pẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pẹ́.
Ṣùgbọ́n ẹ bi báńkì léèrè ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún:
nẹ́tíwọ̀kì kú. A tò títí oòrùn fi kúrò lórí wa.
Ọmọbìnrin orí káńtà ní, "Ẹ padà wá ní Mọ́ńdè."
Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.
Ó kọ ọ́ ṣá, sẹ́yìn tẹ́là, ó buwọ́ lù ú.
Inú Kùránì ìyá mi ni mo fi pamọ́ sí.

Owó náà kì í ṣe tèmi tẹ́lẹ̀.
Oníbàárà ló san án, èmi kàn bá ìjọba rù ú ni.
Ta ló ń bu ìtanràn lé aláàárù
nítorí pé afárá já?

Sẹ̀míátù bá mi tẹ lẹ́tà.
"Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín" ló fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.
Mo ní pa á rẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kọ́, àtakò ni.
Kọ ọjọ́, kọ nọ́ńbà tẹ́là, kọ orúkọ ọmọ orí káńtà,
rárá, yọ orúkọ ẹ̀, kí iṣẹ́ má lọ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo gba Àjàṣẹ́, mo gba Gánmọ̀, mo dé Ìlọrin,
ọ̀dà ṣì wà ní èékánná mi.
Àlájà ìdí fáìlì wo ọwọ́ mi kó tó wo ìwé mi.
"Bàbá, ẹ̀yin nìkan kọ́. Gbogbo wọn ló ń san án."
Mo ní, "Mo ti san gbèsè mi.
Ọjọ́ mẹ́ta tí kì í ṣe tèmi ni mi ò ní san."

Kò fèsì. Ó gbé òǹtẹ̀, ó mí sí i lẹ́ẹ̀mejì,
ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun lẹ́tà: A TI GBÀ Á.

Kò dá mi láre. Kò dá mi lẹ́bi.
Ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni ò tíì kanlẹ̀.
Nínú mọ́tò, mo tún ṣí ìwé náà wò.
Òǹtẹ̀ ọ̀hún ò tíì gbẹ,
àwọ̀ aró kan báyìí
tí n kò ní ní ṣọ́ọ̀bù.