Ìjánu

Láti Àkúrẹ́ dé Òǹdó, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wakọ̀.
Mo mọ kòtò kọ̀ọ̀kan bí ahọ́n ṣe mọ eyín.
Nígbà tí wọ́n ṣí gáréèjì wa nípò,
oṣù mẹ́ta gbáko ni ọwọ́ mi fi ń yí sí ibi àtijọ́.
Ọwọ́ á yí,
nǹkan kan lẹ́yìn iwájú orí mi á ní: "Rárá."
Ó ń wí bẹ́ẹ̀, ó ń wí bẹ́ẹ̀,
títí àlejò kan fi ní kí n júwe gáréèjì àná fún òun,
tí mo la ẹnu, tí n kò rí i.
Ti tuntun ti jókòó lé e lórí.

Dókítà Fámúrewà, ní ọsibítù Òǹdó, ní,
"Kò jò. Orí kì í ṣe ajere.
Ọpọlọ rẹ ló fi ìjánu sí òmíràn lẹ́nu
kí èyí tó kù lè ráyè sọ̀rọ̀."
Mo ní, bíréèkì nìyẹn.
Ó ní, bíréèkì ni.

Mo wá sọ ohun tó gbé mi wá gan-an.

Túyì, àbúrò mi. Òjò. Afárá Ọ̀wẹnà.
Mo ti pinnu pé n kò ní í rántí.
Bí ìró táyà bá yí padà lórí afárá yẹn,
tí ọjọ́ náà fẹ́ dìde,
mo tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó dúró.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, àlọ àti àbọ̀.
Ó sì ṣiṣẹ́, n kò ní í purọ́:
òjò kọ́kọ́ lọ, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀lé e, igbe ló kẹ́yìn.
Àṣé ọkọ̀ kì í dá èrò kan ṣoṣo dúró.
Bí mo ṣe dá igbe dúró ni mo dá ẹ̀rín dúró.
Orúkọ tó máa ń pè mí bó bá fẹ́ yá owó,
bó ṣe ń fi ṣùkù àgbàdo ṣe fèrè.
Èmi tí mo mọ gbogbo kòtò ọ̀nà,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ni kòtò ẹ̀rín rẹ̀ wà?

"Ti òsì," ni ìyá wa wí, ní Òkè-Àró.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin; bíréèkì tirẹ̀ ti jẹ tán.
Gbogbo rẹ̀ ló ń ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà:
ó ń kí àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀,
ó ń bá olùkọ́ ìwé kejì jà,
ó ń wá ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tó ti ní ọmọ-ọmọ.
Ìtàn mẹ́ta ń fa ara wọn láṣọ, kò sí èyí tó dé ilé.
Ṣùgbọ́n nínú rúgúdù yẹn, Túyì ń rẹ́rìn-ín.
Mo gbé àpótí sún mọ́ ọn, mo ń ṣa á ní wóró wóró.

Lánàá ó wo ojú mi, ó ní,
"Túyì, o ti jẹun?"
Ẹsẹ̀ mi gbéra, ó fẹ́ tẹ nǹkan.
Mo gbé e kúrò níbẹ̀.
"Rárá, Màmá," ni mo dáhùn,
"ebi ń pa mí."