Láti Iléṣà dé Ifẹ̀

A kúrò n'Íléṣà kí ìrì tó gbẹ,
èmi, Ìbídàpọ̀, àti Pijó tó ń wúkọ́.
Ní Òṣú mo ra bọ̀ọ̀lì;
kòtò kan já a gbà lọ́wọ́ mi.
"Èṣí ni wọ́n da ọ̀dà síbí o!"
Ìbídàpọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀.

Fátúrótì ń dúró dè wá nínú agbo ilé ìyá rẹ̀,
lórí àpáàdì tí wọ́n tò ní òòró,
ó fún pọ̀ bí eyín àgbàdo.
Ta ló tò ó?
Orúkọ wọn ti run.
Adìẹ ń ṣa ọkà níbẹ̀,
ọmọ kan ń wẹ̀,
omi ọṣẹ ń wá ọ̀nà láàárín rẹ̀.

Mo bọ́ bàtà.

Lálẹ́, nígbà tí a tún dé Òṣú,
kòtò mi ṣì wà níbẹ̀,
ó lanu,
ó ń retí bọ̀ọ̀lì.