Àmì Méjì Lórí A

Bátìrì inú dùùrù oníná bàbá mi
kò tóbi ju owó ẹyọ lọ.
Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ń ṣọ́ àwọn ohùn,
bí ọlọ́dẹ tí ẹnikẹ́ni kò rántí láti wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Reijo tó ń tún rédíò ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí:
"Sirkka, má tíì yọ ọ́ o.
Bó o bá yọ ọ́ láìkó ẹrù inú ẹ̀ jáde,
gbogbo ohun tí Tauno tò jọ ti lọ nìyẹn.
Á jí lọ́la bí ọmọ tuntun,
kò ní mọ orúkọ ẹnì kankan."

Mo bá fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lórí tábìlì ilé ìdáná.
Yìnyín wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ń bọ́ sórí Tampere.
Ẹ̀rọ méjèèjì ń bá ara wọn sọ ohun tí etí ò gbọ́,
iná pupa kékeré ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú,
àfi bí orúkọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan
bí èrò tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin.

HOYRY: ooru tó ń tú síta nílé iṣẹ́ bébà
níbi tí bàbá mi ti ṣọ́de òru títí irun rẹ̀ fi funfun.
JAA 3: adágún, nígbà tí yìnyín orí rẹ̀ bá ń ya lóṣù kẹrin.
Mo dá fódà sílẹ̀: omi, irin, ojú ọjọ́,
àti ọ̀kan fún àwọn tí n kò mọ ohun tí mo lè pè wọ́n.
Kọ̀ǹpútà ní, "Àwọn kan jọra níbí o. Ṣé kí n pa wọ́n rẹ́?"
Mo ní, dúró ná.

NAIN 1. NAIN 2. Títí dé NAIN 11.

Lédè wa, àmì tóótòòtó méjì ló máa ń gun orí A.
Bó bá gùn ún, "mo rí i" ni.
Bí kò bá gùn ún, "mo gbé e níyàwó."
Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́jọ péré ni dùùrù yẹn gbà, láìsí àmì;
ńṣe ló ṣí fìlà lórí gbogbo ọ̀rọ̀.
Ẹni tí èdè rẹ̀ ń dé fìlà ló mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.
Ìgbì kan náà, asẹ́ kan náà tó rọra ń ṣí,
nǹkan kan bí igi tó ń wọ omi, tó sì ń dún kẹẹ́.
Ìrù ohùn nìkan ló yàtọ̀:
ogójì, ọ̀kànlélógójì, ẹ́tàlélógójì...
ọwọ́ ti kúrò, ohùn ò tíì fẹ́ lọ.

Mo pe màmá mi nílé àwọn arúgbó,
mo gbé fóònù sí ẹnu sípíkà.
Aune dákẹ́. Ó pẹ́. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.
"Kì í ṣe rírí. Kì í ṣe ìgbéyàwó.
'Báyìí' ni, òun náà ní àmì méjì.
Ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ojú omi:
báyìí, báyìí, kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.
Apẹja ni bàbá tó bí mi!
Mo mọ ọkọ̀ wà jù ú lọ. Mo jẹ́ kó máa kọ́ mi ni."

Reijo ti fi bátìrì tuntun sí i.
Mo dá àwọn ohùn padà sílé, kò sí èyí tó sọnù.
Kọ̀ǹpútà gba àmì, ó gba orúkọ gígùn;
mo fi àmì méjì sórí A, mo tún pa wọ́n rẹ́.
Àwọn mọ́kànlá náà wà bí wọ́n ṣe wà.

Ṣùgbọ́n mo ṣe ẹ̀dà èyí tó kẹ́yìn,
mo fa ìrù rẹ̀ láti eéjìdínlọ́gọ́ta dé ọgọ́ta.
Bàbá, ẹ má bínú.
Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé ọwọ́ kúrò,
mo lọ gbé omi kọfí kaná.
Ó ṣì ń dún.