Ẹ̀rọ Méjì ní Kàbà

Àpò kaṣú mẹ́ta ni mo tà,
mo di owó rẹ̀ mọ́ ìdí aṣọ,
mo gba Mọ̀pà dé Kàbà lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà,
nígbà tí páànù ń ké lórí ilé.
"Ọ̀kun o, Tíṣà," ni Bọ́lọ́rundúró wí, "ẹ jókòó."
Kò sí àga. Mo fara ti tábìlì.

Ó gbé méjì síwájú mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ìkókó.
Ọ̀kan dúdú, ó ki pọ́pọ́,
ó wúwo lọ́wọ́ bí ọṣẹ tí omi ò tíì kàn.
Èkejì aláwọ̀ aró, pẹlẹbẹ,
ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán débi pé mo rí eyín mi.

"Aláró yìí, gíìgì méjìdínláàádóje ló wà nínú rẹ̀.
Dúdú, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta péré."
Mo ní, kí ni mo fẹ́ kó sí i tó pọ̀ tó yẹn?
Máàkì àwọn ọmọ kíláàsì kẹta,
ohùn ẹgbẹ́ akọrin wa lọ́jọ́ ìkórè,
àlàáfo owó oṣù mi tí kò tíì wọlé.
Ìyẹn ò gba àyè.

Bátìrì ńkọ́?
Lọ́dọ̀ wa, iná a máa yà kí wa ni, kì í sùn.
Ọkùnrin kan tó ní sólà ni à ń tò sí iwájú ilé rẹ̀,
igba náírà, igba náírà,
fóònù ogójì lórí ẹní, wọ́n sùn bí ẹja gbígbẹ.
Dúdú lè jí lónìí, kó jí lọ́la, kó tún jí.
Aláró, bílẹ̀ bá ti ṣú, á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.
Ṣájà rẹ̀ gan-an ò sí nínú páálí:
ọ̀tọ̀ ni, owó rẹ̀ ọ̀tọ̀.

Mo ki ṣíìmù mi bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan,
mo pe ìyá mi ní Ìsánlú.
Nínú dúdú, ó ní, "Ta ló ń pariwo mọ́ mi létí?"
Nínú aláró, ó ní, "Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì lo fẹ́ kí mi lọ́sàn-án kan ni?"
Lẹ́yìn náà ó béèrè, "Èló?"
Mo ní ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án ó lé ẹgbẹ̀rún márùn-ún.
Ó dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.
Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìyá mi ń ka kaṣú ni.
"Bàbá rẹ ló gbin igi wọ̀nyẹn," ó ní.
"Kò mọ̀ pé fóònù lòun ń gbìn."

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.
Dúdú ni mo rà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́fà ó lé méjì,
ó yọ ẹgbẹ̀rún kan, ó fi rọ́bà ẹ̀yìn ṣe ènì.

Ṣùgbọ́n kí n tó sanwó, ọmọ náà ti yà mí ní fọ́tò.
Dúdú pa ojú mi láró, ó fi àtíkè kùn ún,
ó sọ mí di ẹni ogún ọdún
tí ẹnikẹ́ni ò tíì jẹ ní gbèsè.
Aláró ò mọ irọ́ pa.
Ó mú gbogbo rẹ̀: irun funfun létí,
eruku ọ̀nà Mọ̀pà,
àti ìlà kan láàárín ìpéǹpéjú méjèèjì,
ìlà bàbá mi, nígbà tó bá ń wojú òjò.
Mi ò mọ̀ pé ó ti fi í sílẹ̀ fún mi.

Mo ní kí Bọ́lọ́rundúró pa á rẹ́.
Ó ní òun á pa á rẹ́.
Mọ́tò ti ń pe Mọ̀pà, Mọ̀pà, ẹnì kan ló kù.
Mi ò dúró wò ó.