Ojú Mẹ́ta

Ìbọn yìí dàgbà jù mí lọ.
Lemuel, bàbá bàbá mi, ló rà á
lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan létí odò Kọ́tṣìn,
ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ méjì ló fi san án.
Igi mápù ni ìdí rẹ̀,
ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀ bí omi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́.
Ẹnu ni mo ti ń bọ́ ọ: ẹ̀tù á kọ́kọ́ wọlé,
akísà tí mo fi ọ̀rá pa á tẹ̀ lé e,
ọta róbótó, lẹ́yìn náà ọ̀pá ìkì.
Ṣakabùlà ni. Kò mọ ìkánjú.
Èmi náà ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Lóṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá
àgbọ̀nrín kan dúró lábẹ́ igi óókù.
Mo gbé ìbọn lé èjìká.
Ojú ẹ̀yìn ìbọn ti di òwú,
ìlẹ̀kẹ̀ idẹ tó wà níwájú ti di méjì,
èwo ni kí n gbà gbọ́?
Ẹran náà dúró títí, àfi bí ẹni pé ó ń ṣàánú mi,
ó wá bá tirẹ̀ lọ.
Mo délé, mo sọ fún Verdie pé n kò rí ẹran.
Irọ́ kọ́.
N kò rí i.

Dókítà ojú ní Házáàdì ní
ojú tó bá ti lo ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
inú rẹ̀ a máa gan bí ọṣẹ tó pẹ́ lórí àjà.
Mo yọ igi híkìrì kan nínú ẹ̀wù,
mo ti wọ̀n ọ́n nílé,
láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi dé ìlẹ̀kẹ̀ iwájú ìbọn.
“Ibi tí igi yìí parí sí,
ibẹ̀ ni kí awò tí o máa ṣe fún mi ríran dé.”
Ó rẹ́rìn-ín. Ó wọn igi náà lẹ́ẹ̀mejì.

Dwight, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fẹ́ kí n gbé
awò awọ̀nàjíjìn lé ìbọn lórí.
Mo ní, ta ló ń dé fìlà fún ẹja?
Hobart Noe ní kí n lo ojú oníhò,
idẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n lu bí ojú abẹ́rẹ́.
Mo yá tirẹ̀ lò fún ọ̀sẹ̀ kan.
Lọ́sàn-án, ohun gbogbo mọ́ kedere;
àgbọ̀nrín wo ló ń jáde lọ́sàn-án?
Ní ìdájí, inú ihò náà ṣókùnkùn bí inú kànga.
Mo dá a padà fún un, pẹ̀lú ẹyin méjìlá.

Orí bẹ́ńṣì, pẹ̀lú ayùn irin lọ́wọ́,
ni ọ̀rọ̀ ti yé mi.
Ojú mẹ́ta ni: ojú ẹ̀yìn, ojú iwájú,
ojú ibi tí ọta ń lọ.
Ọ̀kan ṣoṣo ni ojú ènìyàn lè mú dání lẹ́ẹ̀kan.
Nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún,
mò ń sáré láàrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,
n kò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń sáré.
Báyìí, kí méjì ṣú kí ọ̀kan lè mọ́.

Mo sún ojú ẹ̀yìn síwájú ní ìka mẹ́rin,
mo fi ayùn fẹ ẹnu rẹ̀
títí ìmọ́lẹ̀ fi rí ọ̀nà gbà lọ́tùn-ún lósì.
Mo yọ ìlẹ̀kẹ̀ idẹ dànù.
Verdie gbé ṣíbí fàdákà ìyá rẹ̀ wá,
èyí tó ti dá lọ́rùn látọdún tí ilé jó.
“Gé e níbẹ̀,” ló wí, kò sì dúró wò ó.

Ní Sátidé mo yin mẹ́ta.
Páálí tí mo so mọ́ igi di èéfín lójú mi,
mo jẹ́ kó di èéfín.
Meji wọ ibi tó yẹ kí wọ́n wọ̀.
Ìkẹta, ẹ bi òpó ọgbà Hobart.

Verdie bi mí lẹ́nu ọ̀nà: “Ṣé o rí i?”
Mo ní: “Mo rí ṣíbí ìyá rẹ.
Kedere.”