Páálí Bisikíìtì

Ọjọ́ kẹfà tí omi ti gba Pointe Sureau,
tí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yọ imú bí ọ̀nì lójú odò,
Alcide jókòó lórí àtẹ̀gùn kẹrin;
mẹ́ta ìsàlẹ̀ ti di ti ẹja.
Ìbọn baba rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀,
ẹlẹ́nu méjì, ìdí rẹ̀ dán bí apárí
níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin mẹ́ta ti fara rọ̀ ọ́ láti ìran dé ìran.

Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
mo gbá garawa omi mímu mọ́ra.
Lóru àná, ọkọ̀ ojú omi kan wá wo ilé wa,
kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni.
Alcide wúkọ́. Ó ká ìbọn, kò yìn ín.
Ìró "kà" yẹn ti tó. Ọkọ̀ padà.
"Kì í ṣe torí kí n pa ènìyàn," ó ní. "Kí n lè sùn ni."

Àwọn ọlọ́pàá dé lọ́sàn-án, mẹ́ta nínú ọkọ̀ onírọ́bà.
Wọn ò kí wa.
"Gbé e sílẹ̀! Gbé e sílẹ̀ báyìí!"
Ìbọn tiwọn ti yọjú kí ohùn wọn tó dé.
Ọwọ́ èyí tó kéré jù ń gbọ̀n,
mo sì mọ̀, bí mo ṣe kéré tó,
pé ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ló yẹ ká bẹ̀rù,
kì í ṣe ẹnu tó ń pariwo.

Alcide ò dìde.
Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni ń gba òjò,
ó sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pẹ̀tù sí màlúù tí ẹ̀rù ń bà:
"Ọta méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọmọdé wà lẹ́yìn mi.
N ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá gbé e."

Wọ́n wá gbé e.

Lódìkejì omi, Verline Picou tilẹ̀kùn mọ́rí,
òun àti ìbọn tirẹ̀. Kò dáhùn, kò mí.
Wọ́n kànlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n kọjá.
Títí dòní ló ń fi Alcide ṣe yẹ̀yẹ́:
"O kó o fún wọn bí ẹni ń pín súìtì!"
N ò mọ èwo nínú wọn ló gbọ́n jù.
Bí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bá ṣèèṣì sín lẹ́nu ọ̀nà Verline…
ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tẹ èèkù idà,
a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni.
Alcide fi èèkù sílẹ̀ tán, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bèèrè:
"Kí lorúkọ rẹ, ìwọ tọ́wọ́ ẹ ń gbọ̀n?
Òfin wo ló rán yín? Ta ló fọwọ́ sí i?
Nọ́ńbà wà lábẹ́ irin yẹn, kà á sókè kí ọmọ yìí gbọ́.
Kọ ọ́ fún mi."
Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín: ìwé wo ló kù nínú àgbàrá yìí?
Alcide na ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀,
ó ń ròyìn ohun tí ọwọ́ ń ṣe bí ọwọ́ ṣe ń ṣe é,
ó fa páálí bisikíìtì ya.

Dufrene kọ ọ́. Nọ́ńbà, ọjọ́, orúkọ ara rẹ̀.
Níbi tó yẹ kó kọ òfin sí, ó fi í sílẹ̀ lófo.

Omi fà. Ọdún méjì ó lé oṣù kan
la fi gbé páálí yẹn láti tábìlì dé tábìlì,
òórùn bọ́tà ò kúrò lára rẹ̀.
Adájọ́ fìka méjì mú un bí ìrù eku,
ó wo àlàfo yẹn, ó tún un wò.
Wọ́n dá ìbọn padà. Ó ti dípẹtà,
ẹnu kan ti dí, kò tún lè yìn mọ́.
Alcide fi epo nù ún, ó gbé e kọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ níbọn nílé, ẹ má bi mí.
N ò ní ìmọ̀ràn, páálí ni mo ní.
Èkúté ti jẹ orúkọ Dufrene,
ó ti jẹ ọjọ́.
Kò tíì débi àlàfo.