Ohun Tí Mo Tẹ́ fún Àparò

Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò tí Fámúrewá gbé sílẹ̀,
mo fún un bí ẹni ń fún gbágùúdá.
Mo la ọwọ́. Kò fọ́nká.
Ó dì bí òkèlè.
“Òjò ti rí i,” ni mo wí.
“Ìrì lásán ni, Tíṣà.”
Ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í purọ́ fún ẹni tó ni ín.

Adìẹ mẹ́sàn-án ló wà lẹ́yìnkùlé mi ní Bọ́lọ́rundúró,
àti àparò méjìlélógún,
nínú àgò tí mo fi férémù wíńdò àtijọ́ kàn.
Àwọn ará àdúgbò Iléṣà ń rẹ́rìn-ín:
olùkọ́ ìṣirò tó fẹ̀yìn tì,
tó wá ń yan ibùsùn fún ẹyẹ
bí ẹni ń yan aṣọ ìyàwó.
Ẹ máa rẹ́rìn-ín.
Ẹni tó bá sùn lórí tútù rí
ló mọ̀ pé ilẹ̀ máa ń gé ni jẹ.

Ìwé ìròyìn ni mo kọ́kọ́ tẹ́.
Ó mọ́, ó fẹ̀, ọ̀rọ̀ sì kún inú rẹ̀,
ṣùgbọ́n ọmọ àparò kò ju àtàǹpàkò lọ;
ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àwòrán olóṣèlú kan tó ń yọ eyín,
ọ̀kan ya sọ́tùn-ún, ọ̀kan ya sósì.
Mẹ́ta ni kò lè dìde mọ́.
Mo fi òwú so ẹsẹ̀ wọn pọ̀.
Ọ̀kan ló yè.

Èèpo ìrẹsì láti Ọ̀ṣú:
ọyẹ́ gbé e, ó dà á sínú ọbẹ̀ aládùúgbò.
Èèpo kòkó: ó hu funfun, ikọ́ wọ ilé adìẹ.
Iyanrìn odò: àparò fi wẹ̀, wọ́n yíràá, inú wọn dùn,
ṣùgbọ́n ní ìdájí, tí kùrukùru bá sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè,
iyanrìn a tutù bí ààrò ilé àpọ́n.

“Igi wo lẹ là lónìí?”
“Ìrókò.”
Rárá. Ìrókò ń ta imú,
àparò á sín títí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ.
“Èyí ńkọ́?”
Pákó òrùlé ni, tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn ikán.
Ohun tó pa ikán,
àlàyé wo ni yóò ṣe fún adìẹ tó ń ṣà á jẹ?
Arère ni mo fẹ́, Fámúrewá, tàbí àfàrà,
kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú abẹ́ ayùn,
èyí tí ìfági ń ká bí irun ọmọ ọwọ́.

Mo tọ̀ sórí ẹní títí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá.
Ìyá mi kò so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ mi nídìí,
kò pe àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n wá kọrin lé mi lórí.
Lóru, láìtan fìtílà,
á tọwọ́ bọ abẹ́ mi,
á rọra yí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fa ẹní yọ,
á tẹ́ àkísà ìró rẹ̀ tó gbẹ.
N kò sọ fún un rí pé mo máa ń jí.

Fámúrewá wọ abẹ́ páànù lọ, ó gbé àpò mìíràn wá.
Mo fún un. Mo la ọwọ́.
Ó fò lọ.

Mo tẹ́ ẹ, ó ga tó ìka mẹ́rin,
mo kó ìyókù jọ sí igun kan, ó ṣe òkìtì.
Wọ́n ní gbogbo àparò ló ga bákan náà,
àfi èyí tó bá gun orí ebè.
Tèmi gun òkìtì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
gbogbo wọn.

Lóru, n kò tan tọ́ọ̀ṣì.
Mo tọwọ́ bọ abẹ́ èyí tí mo fi òwú so lẹ́sẹ̀.
Ó gbẹ.
Àyà rẹ̀ ń lù mí níka, kíkankíkan,
kò mira.
Bóyá ó jí.